Lẹ́tà Bàbá Oyèléke

Yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ní Òkè-Àdó,
jẹnẹrétọ̀ ń kùn, kọ̀ǹpútà mi gbóná bí ààrò.
Ojú ìwé mẹ́tàlélógójì ni áàpù owó ìfẹ̀yìntì yìí ní.
N kò ya lẹ́tà wọn níkọ̀ọ̀kan.
Mo dá àṣà sílẹ̀, mo sọ ọ́ lórúkọ:
Àkọlé. Ọ̀rọ̀ Gbọọrọ. Àlàyé Kékeré.
Orúkọ ni mo ń pè, lẹ́tà á sì dúró bí mo ṣe fẹ́.

Lọ́jọ́rú, Bàbá Oyèléke wá dán an wò,
akọ̀wé àtijọ́ ní Agodi,
ẹni tó fi ìka méjì lu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fún ọgbọ̀n ọdún.
Ó na fóònù jìnnà, ó sún un mọ́ imú.
"Ọmọ mi, ṣé èèrà lẹ ń sìn síbí?"

Mo rẹ́rìn-ín, ojú tì mí.
Mo wọ inú Ọ̀rọ̀ Gbọọrọ,
mo sọ mẹ́rìnlá di méjìdínlógún.
Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.
Gbogbo ojú ìwé jẹ́ ìpè,
wọ́n wú bí ẹ̀wà tí a rẹ sómi,
àfi ọ̀kan.

Akínlabí ló kánjú lálẹ́ ọjọ́ tí iná lọ,
ó já lẹ́tà ibẹ̀ kúrò lára àṣà, ó fọwọ́ tò ó.
Ọmọ tí a kò sọ lórúkọ,
báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé òun là ń pè?

Ojú ìwé náà gan-an ni Bàbá ṣí:
iye owó tó kù fún un.
Ó wò ó títí.
"Eléyìí ńkọ́?
Àbí owó mi ló kéré tó báyìí?"