Ìlà Pupa

Ní Karshi, obìnrin Gbagyi kì í fi orí ru igi.
Èjìká ni. Ìdì igi á dábùú, á gùn ju ẹnu ọ̀nà lọ,
ọrùn á tẹ̀ díẹ̀,
orí á wà lófìfo, á máa wo iwájú bí ìjòyè.
Mo béèrè ìdí rẹ̀ lọ́dún tí mo kọ́kọ́ débẹ̀.
"Orí ni ọ̀gá ara," Ìyá Shekwolo dá mi lóhùn,
"ta ní í di ẹrù lé ọ̀gá rẹ̀?"

Òun náà ló wọlé láàárọ̀ Mọ́ńdè kan,
ó fi ìborùn so iwájú orí pinpin,
ó fọwọ́ bo ojú ọ̀tún nítorí oòrùn,
ó ní kí wọ́n pa rédíò.
Ẹrù tí ò gbà láti rù ti fúnra rẹ̀ gùn ún.

Mo ṣí rẹ́jísítà.
Ibà ní òpó tirẹ̀. Ikọ́ ní. Ìgbẹ́ gbuuru ní.
Ẹni tí ejò bù ṣán pàápàá ní,
bẹ́ẹ̀ méjì péré ni wọ́n lọ́dún tó kọjá.
Ẹ̀fọ́rí ò ní.
Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń kọ ọ́ sábẹ́ ibà,
tí mo ń fún un lóògùn ibà,
tí àwọn tó ń ka ìwé wa ní Garki ń sọ pé
ẹ̀fọn Karshi mà pọ̀ o.

Mo yá rúlà ọmọ mi. Mo mú báírò pupa.
Mo fa ìlà kan láti òkè délẹ̀, ó wọ́ díẹ̀,
mo kọ ORÍ sí i lókè.

Oṣù kan: èèyàn mẹ́rìnlélógójì.
Níbo ni gbogbo wọn ti ń jókòó tẹ́lẹ̀?
Bitrus ọlọ́kadà wà níbẹ̀, tó ń gbé pánádọ́ọ̀lù mẹ́jọ mì lójúmọ́
títí ọdẹ tó háyà fi di olè inú ilé.
Mo ní kó jáwọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ó ń sá fún mi lójú títì.
Rifkatu ìyàwó tíṣà ló bà mí lẹ́rù:
ẹ̀fọ́rí tó já lù ú lójijì bí ilẹ̀kùn irin,
ọrùn gan, èébì. Èyí kì í ṣe tiwa.
Ọ̀sán gangan la gbé e lọ sí Gwagwalada,
àpò mi lowó epo ti jáde, ọkọ rẹ̀ ń fi iṣu san án.
Ó yè. Ìpéǹpéjú òsì rẹ̀ ò ṣí tán mọ́.

Ìyá Shekwolo ò mọ̀wé kọ.
Mo ní kó máa fi èédú fa ìlà sára ògiri ilé ìdáná,
kékeré fún kékeré, gígùn fún ọjọ́ tí ilé bá ń yí.
Lẹ́yìn ọyẹ́, ó ní òun ò lè ru ògiri wá.
Mo lọ. Mo kúnlẹ̀ nínú èéfín, mo kà á.
Ọjọ́ ọjà. Ọjọ́ ọjà. Ọjọ́ ọjà:
ọjọ́ tó ń gbé igi jáde nídàájí láìfẹnu kan nǹkan.
Kúnù kí o tó jáde, mo wí, àti oògùn kékeré kan lálaalẹ́.
Túúlu ò lọ. Ìlà ń kúrú sí i, àlàfo ń fẹ̀ sí i.

Oṣù Kẹta, alábòójútó dé láti Garki.
Ó ṣí ìwé, ó rí pupa.
"Ta ló ní kó o fa ìlà sínú ìwé ìjọba?"
Mi ò fèsì. Fáànù ń ké lókè wa.
Ó tún un wò, àtàǹpàkò rẹ̀ wá ẹ̀bátí lọ fúnra rẹ̀,
ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́.
Ohùn rẹ̀ wálẹ̀: "Tó bá ti wà lára èèyàn láti ilé ìwé gíga ńkọ́?"

Mo nawọ́ sí bẹ́ǹṣì níta.
Ẹ̀yìn Bitrus ni ẹ ó tò sí, sà.