Igbó Lásán

Ìwé tí wọ́n fún mi ní ọ́fíìsì Yábà ní àpótí mẹ́wàá.
Ẹ̀kẹfà béèrè: Kí ló wà lórí ilẹ̀ náà?
Ẹnìkan ti fi bírò pupa dáhùn ṣáájú mi:
Igbó lásán.

Mo wọ bàtà rọ́bà, mo gbé okùn àti èèkàn mẹ́rin,
mo wọ ọkọ̀ Mautin ní Mákòkó.
Ó tù mí lọ sẹ́yìn Akọ́kà,
níbi tí omi ọ̀sà ti ń wọ abẹ́ igi
bí ẹni ń yọ́ wọlé lóru.
A na okùn: ogún ìṣísẹ̀ níbùú, ogún lóòró,
ilẹ̀ tí kò tó pápá táwọn ọmọ Abúlé Ọjà fi ń gbá bọ́ọ̀lù.
Mo ní n ó ti ṣe tán kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ẹ̀gbà ló kọ́kọ́ dá mi dúró,
gbòǹgbò rẹ̀ nasẹ̀ káàkiri bí akàn tó fẹ́ sá.
Ògùrọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, imọ̀ rẹ̀ ń kan omi.
Ìyeyè kan, àti ọ̀pọ̀tọ́ tó pọ̀n mọ́ ọn lẹ́yìn,
tó sì ń fún un lọ́rùn díẹ̀díẹ̀.
Àfòmọ́ lórí ọ̀pọ̀tọ́. Olè lórí olè.
Mo kọ ọ́. Mo kọ ọ́. Mo kọ ọ́.
Tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún tó fi omi pamọ́ sára,
rinrin tó tutù lábẹ́ rẹ̀,
ìmí-eṣú (ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ kò ṣàánú rẹ̀),
èépín tí ìyá mi fi ń fọ ìkòkò
títí ìkòkò fi ń rí ojú ara rẹ̀.
Patanmọ́: mo fọwọ́ kàn án, ó patan,
mo rántí bí a ṣe ń fi ọkọ ìyá rẹ̀ dẹ́rù bà á ní kékeré.
Láti àtàǹpàkò mi dé gìgísẹ̀,
oríṣi méje.

Ewé kan wà tí mo pè ní koríko.
Mautin ní rárá, méjì ni:
ọ̀kan ni ìyá òun fi ń wẹ ọmọ tuntun,
èkejì, ewúrẹ́ pàápàá kì í jẹ ẹ́.
Mo wò ó, mo tún un wò.
Ẹ̀yìn ọ̀kan ní irun.
Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tí mo fi ṣiṣẹ́ ewé,
kò sẹ́ni tó ní kí n yí ewé yẹn padà.

Ọ̀sán pọ́n, ọ̀sán rọ̀. Omi dé orúnkún.
Mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mo kà.

Ọ̀gbẹ́ni Fádáhùnsi dé, ó dúró lórí pákó:
"Màdáámù, yanrìn ń bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Kí lẹ ṣì ń wá?"
Ó ti fara kan wèrèpè lójú ọ̀nà, ó ń họra kíkankíkan.
Mo ní, "Igbó lásán ló ń yún yín yẹn, sà."
Mautin yíjú sómi.

Ọ̀kan ṣì kù.
Ní igun okùn, níbi tí ẹrọ̀fọ̀ ti dúdú jù,
ewé mẹ́ta lórí ọ̀pá tínńrín, kò ga ju ìka mi lọ,
òdòdó rẹ̀ bí eyín ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù.
N kò mọ̀ ọ́n. Mautin kò mọ̀ ọ́n.
Ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ó ṣàpèjúwe rẹ̀ ní Ègùn.
Obìnrin náà dákẹ́ pẹ́.
Ó ní ìyá òun ì bá mọ̀ ọ́n.

Mo wá èkejì rẹ̀ kiri. Kò sí.
Bí mo bá fà á tu, ó parí nìyẹn.
Bí mo bá fi sílẹ̀, yanrìn.
Mo bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀ títí ìbàdí fi ń ro mí.

Àpótí kẹfà kò gbà ju ọ̀rọ̀ méjì lọ.
Mo fa ìlà gba orí bírò pupa,
mo kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, mo yí i padà, mo kọ sẹ́yìn,
ti Ègùn náà, bí etí mi ṣe gbọ́ ọ.
Níbi ẹ̀kejìlélọ́gọ́ta mo kọ:
Ó wà. A rí i. Ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí omi ń wọlé.

Nígbà tí mo gbójú sókè, Mautin ti bù ú tòun tẹrọ̀fọ̀
sínú ike tó fi ń gbọ́n omi ọkọ̀.
N kò bi í bóyá yóò yè.
Ó wà láàárín ẹsẹ̀ wa bí a ṣe ń lọ.
Ọkọ̀ ń jò, kò sí ike mọ́.
Ọwọ́ la fi gbọ́n ọn.