Ìbéèrè Kẹsàn-án

Ìbéèrè mẹ́jọ ni agbẹjọ́rò Hoskyn kọ ránṣẹ́.
Mo tẹ́ wọn sápá òsì tábìlì, mo gbẹ́ ẹnu ìyẹ́ gàǹsí,
mo fi èémí yọ́ yíǹkì tó fẹ́ di yìnyín.
Oṣù kejì ọdún ni, òtútù Lọ́ńdọ̀nù ń jẹ èékánná.
Iṣẹ́ mi kò ju kí n gbọ́, kí n kọ.
Akọ̀wé kì í sunkún sórí ìwé:
ìwé tó bá tutù kò ṣeé kà ní kóòtù.

Ambrose Tregear ló kọ́kọ́ wọlé,
gbẹ́nàgbẹ́nà ọkọ̀ Dọ́káàsì.
Ó fẹnu ko Bíbélì bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò.
Mo kọ ọ́ báyìí: ẹlẹ́rìí yìí sọ pé, ẹlẹ́rìí yìí tún sọ pé,
nítorí kóòtù wa kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ́ "èmi."
Ẹlẹ́rìí yìí sọ pé láti èbúté Sáńtè lọkọ̀ ti ń mu omi,
pé òun ki àtàǹpàkò bọ àárín pákó, ó wọlé dé oríkèé,
pé òun bẹ ọ̀gá ọkọ̀ fún àgbá ọ̀dà kan ṣoṣo,
ọ̀gá ní owó ọ̀dà kò sí nínú ìwé Ọ̀gbẹ́ni Hoskyn.
Ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrọ̀ mọ́.
"Wọ́n ní ìjì ni," ni Tregear wí.
"Ìjì bá ihò nílé ni."

Lambert Oke. Eyín mẹ́ta ló kù níwájú ẹnu rẹ̀.
Ìbéèrè kẹrin: ǹjẹ́ àwọn atukọ̀ jẹ nínú ẹrù?
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní èso àjàrà gbígbẹ náà mu omi iyọ̀, ó wú,
ó wú títí igi àgbá fi ń ké,
ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ọtí;
òórùn rẹ̀ gba gbogbo abẹ́ ọkọ̀,
àwọn ń fa pọ́ǹpù, àwọn ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí
láì fẹnu kan nǹkan kan.
Àfi òun. Òun jẹ ẹ̀kúnwọ́ kan.
"Ebi ọjọ́ kọkànlá ni. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."
Mo kọ ọ́. Agbẹjọ́rò fa ìlà sábẹ́ rẹ̀:
owó iṣẹ́ oṣù mẹ́rìnlá rì sínú ẹ̀kúnwọ́ kan.

Wilkin Pascoe kò mọ ọjọ́ orí rẹ̀.
Mo wo èjìká rẹ̀, mo kọ méjìlá.
Ó dáhùn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, mi ò mọ̀,
kò sì dìde.
"Ẹ ò bi mí nípa Jory."

Ó ní Jory ló gbé òun gun orí àgbá nígbà tómi dé àyà,
ó ní kí òun máa ka fífà pọ́ǹpù kí oorun má baà gbé òun.
Òun ka ẹgbẹ̀ta lé méjìlá.
Bí òun ṣe fẹ́ ka ìkẹtàlá,
pọ́ǹpù ṣàdédé wúwo.

Agbẹjọ́rò wo ojú fèrèsé. Ẹjọ́ ẹrù la wá gbọ́, ló wí.
"Ṣé ìyá rẹ̀ á rí owó rẹ̀ gbà?"
Ọmọ náà ò bi agbẹjọ́rò. Èmi ló ń wò.
Lábẹ́ ìdáhùn kẹjọ, àyè ìbuwọ́lùwé nìkan ló kù.

Tregear ti ya àáké. Oke ya ìdákọ̀ró alápá kan.
Pascoe gba ìyẹ́, ó fa ìlà kan lóòró,
ó fa òmíràn, ó fa òmíràn,
ètè rẹ̀ ń mì, kò gbójú sókè,
títí mo fi di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé apọntí kan ní Southwark
ti ra àjàrà wíwú yẹn, owó gidi ló san.
Ẹjọ́ ṣì wà nílẹ̀.
Ìlà mọ́kàndínlógójì ni. Mi ò pa ọ̀kankan rẹ́.
Mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, bí òfin ṣe wí:
àmì ọwọ́ ẹlẹ́rìí.