Odi Kìbẹ́ẹ̀kì

Solánjì ló ń mú wa kiri,
fìlà onírun rẹ̀ pupa bí osùn.
Ó ní ká fọwọ́ kan odi. Òkúta náà tutù bí imú ajá.
"Ẹ wo ihò ìbọn. Ẹ wo ibodè.
Ìlú tí kò tíì bọ́ odi rẹ̀ sílẹ̀ nìyí,
Músíọ̀ Ọnafọ…"
ó fi ìyókù orúkọ náà sílẹ̀ fún atẹ́gùn.

Bàbá mi ò wí nǹkan kan.
Kóòtù ọkọ mi ni wọ́n wọ̀, apá rẹ̀ bo ìka.
Wọ́n ń wo odò ńlá nísàlẹ̀,
yìnyín ń wọ́ lọ lórí rẹ̀ bí ẹran tí kò ní darandaran.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó béèrè:
"Èló lo san lẹ́nu ọ̀nà?"
Mo dárúkọ owó.
Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé.

"Yàrà Sùngbọ́ lẹ́yìn oko wa,
ibẹ̀ la ti ń ṣẹ́gi, ibẹ̀ la ti ń ṣa ìgbín.
Ó jìn ju ọ̀pẹ lọ.
Kò sẹ́ni tó ní ká dúró wò ó."

Solánjì ní kí ni bàbá wí.
Mo ní wọ́n ní odi yín dára.

Àwọn yòókù ti lọ mu ṣokoléètì gbígbóná.
Ọwọ́ kan yọ nínú apá kóòtù,
ó padà sára òkúta.