Ọ̀kọ̀ Tí Ń Mu Wàrà

Ẹ̀yìn páálí sìgá ni Arumugam fi yà á fún mi
ní ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, lọ́jọ́ tí iná lọ láti àárọ̀.
Kì í ṣe ọkọ́, kì í ṣe àdá.
Ewé kan ni, ó fẹ̀ nídìí, ó mú lẹ́nu.
"Ọ̀kọ̀ Murugan ni. Ìyá rẹ̀ ló fún un."
Mo ní, ìyá wo ló ń fún ọmọ ní ọ̀kọ̀?
Ó rẹ́rìn-ín. Eérú ìlà mẹ́ta iwájú orí rẹ̀
ń já bọ́ sórí tábìlì mi.

Ọdún kẹfà rẹ̀ nìyẹn ní iléeṣẹ́ irin.
Ó ti gbọ́ "ẹ kú iṣẹ́", ó ti gbọ́ "kò sówó",
ṣùgbọ́n òkè tí wọ́n ń gùn nílé wọn
nígbà tí òṣùpá bá kún,
kò rí irú rẹ̀ ní Òkè-Fìà.

Mo rọ ọ́, mo pọ́n ọn. Mo ní kí n kùn ún lọ́dà,
torí irin tí kò lọ́dà, ẹrú ìpẹtà ni.
Ó ní rárá, wàrà ni yóò máa mu.
Wàrà kẹ̀? Níbi tí ọmọ mi ti ń mu ògì lásán?
N kò sọ ọ́ jáde. Owó iṣẹ́ mi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yìn fìríìjì ni ojúbọ náà wà,
fọ́tò ọmọkùnrin kan, ọ̀kín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀,
òórùn káńfọ̀ bí inú àpótí aṣọ màmá mi.
Kamalam gbé ìkòkò wàrà rù,
ó yí ilé ká lẹ́ẹ̀mẹta, ẹsẹ̀ lásán lórí yangí.
Àwọn ọmọ Bàbá Adélù ń wò ó láti orí odi,
wọn kò rẹ́rìn-ín.
Ọmọ Òṣogbo mọ ẹni tó ru nǹkan ìbọ.

Ọkọ rẹ̀ fi ọsàn wẹ́wẹ́ bọ ọ̀kọ̀ lẹ́nu,
kí ó má baà gún ẹni tí kò pè é.
Wàrà ṣàn lórí irin mi,
ó ṣàn dé ẹsẹ̀ mi, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Nígbà tí iléeṣẹ́ dákẹ́, wọ́n dẹrù.
Ó tú sáàrì tó fi wé e, ó fi hàn mí:
etí rẹ̀ ti ń pọ́n.
Mo ní, mo sọ bẹ́ẹ̀, ìpẹtà.
Ó ní, "Ẹni Pupa ni à ń pè é nílé wa."

Igba náírà ṣì kù lọ́wọ́ rẹ̀.
N kò bèèrè.