Fáànù ní Wínípẹ̀ẹ̀gì

Ọjọ́ tí Hirisáàkì sọ fún mi pé fáànù lòun,
mo wò ó tìyanu-tìyanu:
òtútù ti wọ ogójì lábẹ́ òdo,
irùngbọ̀n ẹ̀ ti di yìnyín,
ta ló ń wá afẹ́fẹ́ sí i?

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.
Ó ní ìdí ojúbọ lọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀,
láyé àwọn ará Róòmù àtijọ́;
ẹni tí òrìṣà ibẹ̀ bá gùn,
tó ń ké, tó ń fò bí ẹni tórí ẹ̀ yí,
òun ni baba ńlá fáànù.
Ìyàwó ẹ̀ ní irọ́ ni, “ó wù mí” ló bí i,
lẹ́nu àwọn olówó tó ń wòran ẹ̀ṣẹ́.
Wọ́n ṣì wà lẹ́nu ẹ̀ nígbà tí mo wọlé.

Èmi ò mọ èyí tó jóòótọ́.
Alátìlẹ́yìn làwa ń pè é,
bí igi tá a fi ti ilé tó fẹ́ wó.

Ẹgbẹ́ họ́kì ẹ̀ ti fìdí rẹmi nígbà mọ́kànlá.
Lálẹ́ àná mo gbóhùn ẹ̀ látinú ògiri,
ó ń bẹ ọmọ kan tí ò lè gbọ́ ọ:
gbá a, ọmọ mi, jọ̀ọ́, gbá a.
Mo gbé ife tíì sílẹ̀,
mo fẹ̀yìn ti ògiri.