Lẹ́tà Kẹtàlélógún

Síléètì mi ní igun kan tó ti kán.
Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jogún rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi.
Itọ́ la fi ń nu ún bí Tíṣà Fálúyì bá yíjú,
ewé tútù, bó bá ń wò wá.

A, B, D. A ń ké e títí
tí òkè Ọ̀gọ̀tún fi ń dá a padà fún wa.
Gb nìkan ni òkè ò lè pè.
Lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ ni Jẹ́gẹ́dẹ́ ti ń fi ìka kọ orúkọ rẹ̀ sí erùpẹ̀;
àmì ìsàlẹ̀ mẹ́ta, ó gún ihò mẹ́ta,
kòkòrò kan wọ inú ọ̀kan, ó sùn.

U ń bẹ lápá ìparí, lẹ́yìn T,
kí W àti Y tó ti ilẹ̀kùn.
Ó rí lójú mi bí igbá tí Yèyé Àgbà ń gbé
sábẹ́ ibi tí òrùlé ti ń jò.

Ọjọ́ àpèkọ, Tíṣà ní, “Ilé.”
Etí mi gbọ́ ilé. Ọwọ́ mi kọ ulé.
Yíǹkì pupa.
“Kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ń fi U bẹ̀rẹ̀!”
Pàṣán méjì, ó ní kí n lọ jókòó.

Mo ń kà wọ́n bọ̀ lọ́nà:
ulé nìyẹn, ugi wà lójúde rẹ̀,
uná ń jó lábẹ́ ìkòkò,
ugbá dojú dé lórí àjà.
Tíṣà ní kò sí ọ̀kankan nínú wọn.
Mo jókòó sínú ilé tí kò sí,
mo jẹ iyán, ó yó mi.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Yèyé Àgbà pè mí síbi tó ti ń hun ẹní.
“Wá bá mi kọ lẹ́tà sí Dáramọ́lá ní Kùmásí.
Sọ fún un pé ulé ń jò.”
Mo kọ ọ́ pé: Ilé ń jò.
“Sọ fún un pé ugi ọsàn rẹ̀ ti so.”
Mo kọ igi. Ara pàṣán ṣì ń ta mí.
Ó gba ìwé náà, ó fi àtàǹpàkò tọ ìlà kọ̀ọ̀kan,
bó ṣe ń tọ etí ẹní wò bóyá ó wọ́.
Ó ní, “Ó gún.”

Oṣù méjì kọjá kí dírẹ́bà tó mú èsì dé.
Èmi ni mo kà á sókè fún un:
Mo kí yín o, Yèyé. Owó ń bọ̀.
Ta ló kọ lẹ́tà yìí? Kò dún bí ẹnu yín.
Ó dún bí ìwé ìpẹ̀jọ́ láti kóòtù.
Ìlà kan ṣẹ́ kù nísàlẹ̀:
Ṣé ìyá mi ṣì wà láyé?
Mo fò ó. Mo ká ìwé náà.
Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé mo ti mọ̀wé.

Lóru, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtùpà, mo tún òmíràn kọ,
n ò sọ fún ẹnikẹ́ni.
Ulé. Ugi. Uná. Ugbá.
Bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni òjò ń kán tó, tó, sínú igbá,
mo ń wo ẹ̀yìn
bí ẹni pé Tíṣà wà lábẹ́ ibùsùn.

Dáramọ́lá ò wá. Ìdì páànù kan ló fi ránṣẹ́,
ó so bébà pélébé mọ́ okùn rẹ̀:
Fún ulé.

Tíṣà Fálúyì ti lọ, yíǹkì rẹ̀ ò gbẹ.
Bí mo bá tẹ ulé sórí fóònù mi báyìí,
ìlà pupa á yọ lábẹ́ rẹ̀.
Mo pa á rẹ́, mo tẹ ilé.
Ìlà pupa tún yọ.